Àṣẹ Kọ́pùrà

Nígbà tí ìyá mi kú ni mo ní kí bàbá mi máa bọ̀ ní Houston. Mo ní kí wọ́n wá wo ọmọ-ọmọ wọn, kí wọ́n lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n sì padà sídìí kòkó wọn. Apá tó kẹ́yìn yẹn, mo kàn sọ ọ́ ni. N kò ní in lọ́kàn pé wọ́n máa padà. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, èmi nìkan sì ni ọmọ tí òkété yìí bí. Mo ti di nọ́ọ̀sì, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Houston, a sì ní yàrá kan tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n padà pé, ó kọjá, n kò sọ nǹkan kan. Bàbá mi náà ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí lójoojúmọ́ bóyá òjò ti ń rọ̀ nílé, bí ẹni pé mo lè rí ilé láti ojú fèrèsé ọsibítù. Èmi á ní n kò mọ̀. Wọ́n á ní ó dáa.

Àdúgbò wa ni ibi tí wọ́n ń pè ní Brays Oaks lónìí, àpátíméǹtì lórí àpátíméǹtì. Ìgbà tí ọjà epo rọ̀bì dojú dé ni. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ epo ti kó ẹrù wọn sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ti lọ, ọ̀pọ̀ fèrèsé tó kọjú sí wa ni kò ní kọ́tìnnì mọ́. Bàbá mi a máa gbé àga síta láàárọ̀, wọ́n a sì máa kí àwọn tó ṣẹ́kù. Àwọn kan rò pé wọ́n ń ta nǹkan. Obìnrin kan dá wọn lóhùn pé òun ti ní Bíbélì nílé. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àga wọn wọlé, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n sì ń wo fíríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá tó kọjá níwájú ilé.

Ní Sátidé, èmi ni mo máa ń gbé ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́, torí ọkọ̀ kan la ní. Mo máa ń mú bàbá mi dání kí wọ́n lè rí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí fíríwéè. Fíríwéè yẹn kan náà la ń gbà lọ. Lọ́jọ́ kan, mo ṣìnà nígbà tí à ń padà bọ̀ láti La Porte, mo já sí ọ̀nà tóóró kan láàárín àwọn ilé iṣẹ́ kẹ́míkà, bàbá mi sì ní kí n dúró. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tọ̀ ni. Wọ́n ní ilá làwọn rí.

Òótọ́ ni. Láàárín páìpù àti ọ̀pá gíga tó ń tú iná lọ́sàn-án gangan, oko ilá kan wà níbẹ̀, àwọn poro rẹ̀ gún régé. Ilé pákó kékeré kan wà lẹ́yìn oko náà, tábìlì kan sì wà lábẹ́ igi létí ọ̀nà, ilá, ẹ̀wà tútù àti tòmátì wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nídìí ọjà.

Kò sí Yorùbá tó mọ ọbẹ̀ tí yóò ra ilá láìṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ wò. Èyí tó bá dá, ọbẹ̀ ni. Èyí tó bá tẹ̀ tí kò dá, igi ni. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun tábìlì. Wọ́n ń ṣẹ́ ẹ, wọ́n ń to èyí tó dá sápá ọ̀tún, wọ́n ń to èyí tí kò dá sápá òsì. Wọ́n ti ṣẹ́ tó ìdajì ọjà náà nígbà tí onílé jáde.

Òyìnbó arúgbó ni, ó gùn, ó gbẹ, ó dé akẹtẹ̀, ajá kan sì ń tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ó dàgbà tó ẹni tí ó yẹ kí n máa pè ní "wọ́n", ṣùgbọ́n bí mo bá ń pe òun àti bàbá mi bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á kò ní mọ èwo lèwo, nítorí náà kó má bínú. Ó béèrè ohun tí ọkùnrin yìí ń fi ọjà òun ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀. Bàbá mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n na ilá kan sí i láti apá òsì, wọ́n fọwọ́ júwe fún un pé kó ṣẹ́ ẹ. Ó ṣẹ́ ẹ, kò dá. Ó wo ilá náà títí, ó jù ú sí ajá rẹ̀, ajá náà kò sì jẹ ẹ́. Ó wá kó gbogbo ti apá òsì, ó dà wọ́n nù sínú koríko, ó ní òun ò mọ̀ pé igi lòun ti ń tà fáwọn èèyàn láti ọjọ́ yìí.

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Bàbá mi sọ ọ́ ní Bàbá Onílá, a sì ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá mi gbọ́ kò ju èyí tí wọ́n kọ́ ní báráàkì lọ: wọ́n mọ bí a ṣe ń ní kí èèyàn dúró, kó máa lọ, wọ́n mọ bí a ṣe ń sọ pé ó dára tàbí pé kò dára. Fún iṣẹ́ oko, ó tó. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá oko, èmi ni ògbufọ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé ológun làwọn méjèèjì. Etí òsì Bàbá Onílá kò gbọ́ràn, bàbá mi béèrè ohun tó ṣe é, ó ní ìbọn ńlá ló dí i fóun ní Ítálì. Bàbá mi ká ṣòkòtò sókè, wọ́n fi àpá tí wọ́n gbà lójú ogun Bọ́má hàn án. Ogun kan náà ni wọ́n jà, ọ̀kan nínú ẹrẹ̀ Ítálì, èkejì nínú igbó Bọ́má pẹ̀lú ẹrù lórí. Bàbá mi ní abájọ tí wọ́n fi ń pè é ní ogun àgbáyé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n débi ọ̀rọ̀ oyè. Bàbá mi ti di kọ́pùrà kí ogun tó parí. Bàbá Onílá wọṣẹ́ ní sójà lásán, ó sì jáde ní sójà lásán. Ó rò ó díẹ̀, ó nàró, ó kí bàbá mi bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà, n kò lè sọ bóyá àwàdà ni. Bàbá mi ò kà á sí àwàdà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún un: kó sún tábìlì sí òjìji tó dáa, kó yéé ká ilá lọ́sàn-án, kó fi igi tó sanra jù sílẹ̀ fún irúgbìn. Ó sì ń ṣe é.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìtàn ayé rẹ̀. Inú ilé pákó yẹn ni wọ́n bí i sí. Òwú ni bàbá rẹ̀ ń gbìn níbẹ̀, ìbaaka ni wọ́n fi ń túlẹ̀. Kòkòrò jẹ òwú, wọ́n yí sí ìrẹsì. Omi iyọ̀ ba ìrẹsì jẹ́, wọ́n yí sí màlúù. Nígbà tó tojú ogun dé, ó fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ti ń dúró dè é, wọ́n ṣègbéyàwó ní Sátidé, ó sì wà lórí katakata ní ọjọ́ Ajé. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà dé, wọ́n ra ilẹ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun náà ta apá kan nígbà tí àìsàn ìyàwó rẹ̀ le. Ìyàwó náà kú. Èyí tó kù ni oko tí bàbá mi rí látojú ọ̀nà. Lọ́dọọdún ni ọkùnrin kan tó wọ táì máa ń wá béèrè ìyókù, Bàbá Onílá á sì fún un ní tòmátì, á sìn ín dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Ohun tí bàbá mi fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń se oúnjẹ fún un. Ó ní òun fúnra òun ni, pé inú agolo lòun ti ń bù ú. Wọ́n ní ṣé kò bímọ ni. Ó ní òun bí ọmọbìnrin kan, pé ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Greenspoint, lápá àríwá Houston níbẹ̀ náà, ìtòsí ibẹ̀ ló sì ń gbé. Nínú ọkọ̀, bàbá mi ní ó ní láti jẹ́ pé bàbá yẹn ti ṣẹ ọmọ náà, tàbí kí wọ́n ti fi nǹkan ṣe ọmọ náà, nítorí kò sí ìdí kẹta. Mo rí i pé àyè ti yọ. Mo ní ṣé wọ́n ti rí i báyìí, pé bí wọ́n ṣe ń fi àgbà sílẹ̀ nílùú yìí nìyẹn, kí wọ́n máa dúpẹ́ pé ọmọ tiwọn kì í ṣe òyìnbó. Wọ́n ní àwọn ń dúpẹ́. Wọ́n wá bi mí bóyá òjò ti ń rọ̀ nílé.

Nígbà tó di Sátidé kan tí oòrùn mú gan-an, a débẹ̀, tábìlì wà lábẹ́ igi, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ajá ló mú wa lọ bá a. Bàbá Onílá jókòó sáàárín poro, akẹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú. Àárọ̀ kùtù ló ti ṣubú, kò sì lè dìde. Ó ti ká gbogbo ilá tí ọwọ́ rẹ̀ tó lórí ìjókòó, ó sì ti tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Mo yẹ ẹsẹ̀ náà wò, kò kán, ó rọ́ ni. Mo dì í, a fún un lómi, a gbé e wọlé. Ó ní ó dáa pé èmi ni mo wá, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ra ilá kò mọ ẹsẹ̀ dì. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín.

Nílé wa, bí ọmọ bá kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, àwọn àgbà ni í lọ bẹ ọmọ náà, ẹnìkan kì í sì í dá lọ. Bàbá mi lọ mú àgbà kan nínú ìjọ Aládùúrà wa. Ẹnjiníà ni àgbà yìí lọ́jọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ sùtánà, wọn kì í wọ bàtà. Báyìí la ṣe wọ ilé onígíláàsì ńlá kan ní Greenspoint: bàbá mi nínú agbádá, àgbà ìjọ nínú sùtánà funfun pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, èmi nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, torí ibi iṣẹ́ ni mo ti wá. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà béèrè bóyá ẹnìkan ti kú. Mo ní kò tíì kú.

Ọmọ Bàbá Onílá gùn bíi bàbá rẹ̀, ó jù mí lọ ní ọdún díẹ̀. Ó kó wa wọ yàrá ìpàdé kan, ó fún wa ní omi, bàbá mi ò mu ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, èmi ń túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ohun yòówù tí bàbá rẹ̀ ì báà ti ṣe fún un, kó dáríjì í. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, èyí tó gba àlàyé díẹ̀. Àgbà ìjọ ń ṣe àmín níbi tí kò sí àdúrà. Obìnrin náà wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú lòun ti ń bẹ bàbá òun pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Yàrá wà, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní bàbá òun ló kọ̀, pé kò sì sí ẹnikẹ́ni tó bá òun bẹ̀ ẹ́ rí.

Nígbà tí mo túmọ̀ ìyẹn, bàbá mi wo àgbà ìjọ, àgbà ìjọ wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yí, ṣùgbọ́n èèyàn kì í gbé agbádá wọ̀ kó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá mi ní kí obìnrin náà fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fáwọn.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí La Porte. Bàbá mi dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé pákó, wọ́n sì fi gẹ̀ẹ́sì báráàkì sọ fún Bàbá Onílá pé kó di ẹrù rẹ̀, ó ń lọ sílé ọmọ rẹ̀. Òun dúró lókè pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ó wo oko náà títí.

Ó ní, "Ṣé àṣẹ ni, kọ́pùrà?"

Bàbá mi ní, "Àṣẹ ni."

Ó wọlé lọ, ó gbé báàgì kan jáde. Kò ti ilẹ̀kùn, ó ní ilé náà ò ní kọ́kọ́rọ́ rí. Ọkùnrin kan tó ń da màlúù nítòsí ibẹ̀ ló gba ajá. Nígbà yẹn, mo rò pé ó gbà pẹ̀lú wa ni. Lónìí, mo rò pé jíjókòó tó jókòó sínú oòrùn lọ́jọ́sí ti dẹ́rù bà á, kò sì fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó sàn fún un kí ẹnìkan pàṣẹ. Bàbá mi jẹ́rìí nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n ní àwọn mú bàbá àti ọmọ padà bá ara wọn, ìjọ sì pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, Sátidé ò ní iṣẹ́ mọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí bàbá mi tó ní kí n mú àwọn lọ kí ọ̀rẹ́ wọn. Lífítì gbé wa lọ sókè nínú ilé gíga tí ọmọ rẹ̀ ń gbé. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín, ó fi yàrá hàn wá, ó fi tẹlifíṣọ̀n hàn wá, ó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun hàn wá. Bàbá Onílá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ti lọ ṣòkòtò rẹ̀, akẹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀. Fíríwéè ló kọjú sí. Bàbá mi fa àga kan, wọ́n jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo fíríwéè. Nínú kíṣìnì, obìnrin náà rọra sọ fún mi pé bàbá òun kì í sọ̀rọ̀ mọ́, pé ó ń jẹ gbogbo ohun tóun bá gbé fún un, kò sì yọ òun lẹ́nu. Mo ní bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé tó bá yá yóò mọ́ ọn lára. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀.

Bàbá mi pè mí kí n wá túmọ̀. Bàbá Onílá ń sọ ohun kan nípa Ítálì. Ó ní àárọ̀ kan, àwọn sùn sínú kòtò, ọta ìbọn ńlá ń bọ́ sínú àfonífojì níwájú wọn, bàbá arúgbó kan sì kó màlúù méjì jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túlẹ̀. Ọ̀gá wọn kígbe mọ́ ọn pé kó kúrò níbẹ̀. Arúgbó náà bi í pé kóun lọ sí ibo. Ó ń túlẹ̀ lọ ní tirẹ̀ títí ó fi parí, ó da màlúù rẹ̀ lọ sílé. Bàbá Onílá ní ọjọ́ náà lòun ti pinnu pé bí òun bá délé láàyè, kò sẹ́ni tó máa ṣí òun nídìí mọ́. Ó wá ní òun ò ráhùn o, bẹ́ẹ̀dì ibí rọ̀.

Orí fíríwéè la wà nígbà tí bàbá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Mo pàṣẹ tí kò yẹ kí n pa."

Mo ní kò sóhun tó burú nínú rẹ̀, ó ń jẹun, ó ń sùn, ọmọ rẹ̀ ń rí i. Mo tún pa òwe òkété fún wọn. Wọ́n ní, "Òwe yẹn ò sọ pé kí òkété kó kúrò nínú ihò rẹ̀."

Inú bí mi. Mo mọ̀ pé a ò sọ̀rọ̀ Bàbá Onílá mọ́. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti sin ìyá mi tán kí n tó gbọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ tiyín bẹ́ẹ̀ o." Wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi.

A tún lọ bẹ ọmọ Bàbá Onílá, lọ́tẹ̀ yìí kó bàa lè jẹ́ kí bàbá rẹ̀ padà sóko. Àgbà ìjọ ò tẹ̀ lé wa, wọ́n ní àwọn ò lè ṣe àmín síwájú àti sẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ kan. Kíṣìnì obìnrin náà la jókòó sí. Inú rẹ̀ ò dùn, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ó ní, "Ẹ̀yin kan náà lẹ bẹ̀ mí pé kí n gbà á." Ó ní tó bá tún ṣubú ńkọ́, tó bá kú síbẹ̀ tí kò sẹ́nikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ohun tí mo ń bi ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà gan-an. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi pẹ̀lú agbára.

Bàbá mi ní, "Tó bá ṣubú, orí ilẹ̀ rẹ̀ ni yóò ṣubú sí."

Ó wù mí kí n tú u sí nǹkan mìíràn. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè méjèèjì nínú ilé náà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo tú u bó ṣe wà. Obìnrin náà kọjú sí èmi, kì í ṣe sí bàbá mi, ó béèrè bóyá èmi máa gbà fún bàbá tèmi. Bàbá mi gbọ́ gẹ̀ẹ́sì yẹn. Àwọn méjèèjì ń wò mí. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bàbá tirẹ̀ la wá sọ.

Obìnrin náà jẹ́ kí bàbá rẹ̀ padà. Ó ní kí wọ́n fa tẹlifóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí ọkùnrin onímàlúù sì máa yà wò ó láràárọ̀. Ọjọ́ tí a gbé e délé, ilá ti ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ ti gbó. Ajá rẹ̀ sáré yí i ká títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá Onílá wọ inú oko lọ, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, ó ń gé àwọn igi náà, bàbá mi sì ń kó wọn jọ lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ tó dáa.

Nígbà tí à ń lọ sílé, bàbá mi ní, "Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó wá, èmi ni mo bá a bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fẹ́ padà, èmi náà ni mo bá a bẹ ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ta ló máa bá mi bẹ ìwọ?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbájú mọ́ ọkọ̀ tí mo ń wà. N kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn, n kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ kejì, wọn ò sì tún un sọ. Wọ́n padà sídìí fèrèsé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bàbá Onílá ló dúró síbẹ̀ nínú kóòtù dúdú àti táì, nínú ooru Houston, akẹtẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ní òun ti sọ fún un pé kò sídìí fún kóòtù, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní kọ́pùrà wọ aṣọ ńlá lọ bẹ ọmọ òun. Mo ní kí wọ́n jókòó. Bàbá Onílá ní òun ò tíì lè jókòó. Ó dúró láàárín pálọ̀ mi, ó wúkọ́, ó ní, "Ọmọbìnrin, mo wá bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí kọ́pùrà máa lọ sílé."

Mo ní inú mi dùn pé ó wá, mo ní a ó rò ó. Ó mi orí. Ó gbé akẹtẹ̀ rẹ̀ sórí àga, ó di ọwọ́ àga náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba, díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tó rọ́ yẹn. Mo rò pé ó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Ìgbà tó fi orúnkún kan kanlẹ̀ tó sì na ọwọ́ síwájú ni mo mọ̀ pé ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ ni. Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, ègún ló gbà fún ọ yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè bá ọ tọrọ àforíjì rẹ̀. Bàbá Onílá ò mọ̀. Ẹni tó kọ́ Bàbá Onílá ní ìdọ̀bálẹ̀ mọ̀ dáadáa, ìdí fèrèsé ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń wo fíríwéè, ojú wọn ò yí padà.

Mo sáré di apá rẹ̀ mú kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀, ọmọ rẹ̀ di apá kejì mú. A jọ wà nílẹ̀ níbẹ̀, àwa obìnrin méjì pẹ̀lú arúgbó kan láàárín wa. Obìnrin náà wò mí. Kò béèrè nǹkan kan. Mo ní kó dìde, mo ti gbọ́. Ó ní ṣé mo ti gbọ́ ni àbí mo ti gbà. Mo ní mo ti gbà. Mo sì ń sunkún, mi ò tiẹ̀ gbìyànjú láti fi pamọ́.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi ń lọ, Bàbá Onílá àti ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé wa dé pápákọ̀ òfuurufú. Bàbá mi dágbére fún gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé ọmọ mi sókè, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n súre fún mi lórí. Mo sọ gbogbo oògùn wọn fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, Nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ. Mo dúró kí n lè juwọ́ sí wọn tí wọ́n bá bojú wẹ̀yìn. Wọn ò bojú wẹ̀yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Houston, n kò rí i kí wọ́n yára rìn bẹ́ẹ̀ rí.